Ta Ló Yí Padà Kí Ìtàn Tó Parí?

Ọ̀rọ̀ ìwé la tún bá dé lálẹ́ òní, ara bọ́tìnì aṣọ ni mo sì fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú King Lear, eré onítàn tí William Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1605 sí 1606, ọba arúgbó kan ní ilẹ̀ Bìrìtéènì pe àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ. Ó fẹ́ pín ìjọba rẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ó ní kí kálukú kọ́kọ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ bó ṣe fẹ́ràn òun tó. Goneril àti Regan, àwọn ẹ̀gbọ́n, pọ́n baba wọn débi tí ojú fi ń tini láti gbọ́ ọ. Cordelia àbíkẹ́yìn ní tòun ò ju bó ṣe yẹ kí ọmọ fẹ́ràn baba lọ, kò sì dín. Ni ọba bá fárígá. Ó yọ ọ́ kúrò nínú ogún, ó sì lé e lọ lọ́wọ́ òfo. Ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí eré fi máa parí, ọba kan náà ló gbé òkú Cordelia wọlé lápá. Èémí ń há a. Ó ní kí ẹni tó dúró tì í jọ̀wọ́ bá òun tú bọ́tìnì kan. Wọ́n tú u, ó sì dúpẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé níbo ni mo ti mọ̀ pé Lear kì í ṣe ẹni àná mọ́, n kò ní tọ́ka sí ibi tó ti ń ké rara nínú ìjì, n kò sì ní tọ́ka sí ibi tó ti fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tó dára ni. Bọ́tìnì yẹn ni n ó tọ́ka sí. Ọkùnrin tó ń fi ilẹ̀ ìlú pín ogún bí ẹni ń pín àkàrà ti dẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá a tú bọ́tìnì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò WAEC, ẹ dákun, ẹ súnmọ́ rédíò díẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè lórí ìfìwàwẹ̀dá, ọ̀pọ̀ nínú yín á kọ ọ́ pé, "Ní ìparí, ó ronú pìwà dà," ẹ ó sì fàlà sí i nídìí. Ìyẹn ò tó. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹ̀dá ìtàn tó ní òun ti ronú pìwà dà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ la gbọ́ yẹn, a ò tíì rí ọwọ́ rẹ̀. Òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ kì í kéde fún wa pé ẹ̀dá ìtàn òun ti yí padà. Ohun tó dán an wò lẹ́ẹ̀kíní ni yóò tún gbé ká a mọ́ lẹ́ẹ̀kejì, á wá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní ká fojú ara wa wo ohun tónítọ̀hún máa ṣe.

Charles Dickens ni mo rò pé ó ṣe èyí lọ́nà tó hàn kedere jù. Ìwé rẹ̀, Great Expectations, jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tirẹ̀, All the Year Round, láti December 1860 títí di August 1861. Ọmọ òrukàn kan tó ń jẹ́ Pip ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti ọkọ ẹ̀gbọ́n náà, Joe Gargery alágbẹ̀dẹ, ló ń tọ́ ọ ní àgbègbè àbàtà Kent. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣíwájú ọjọ́ Kérésìmesì, ẹlẹ́wọ̀n kan tó sá jáde, tí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ká ọmọ náà mọ́ itẹ́ òkú, ó ní kó lọ wá oúnjẹ wá àti irin tí òun yóò fi rẹ́ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ náà. Ẹ̀rù ba Pip. Ó jí nǹkan wọ̀nyẹn nílé, ó gbé e lọ fún un.

Nígbà tó yá, wọ́n mú Pip lọ sílé obìnrin olówó kan, Miss Havisham, ibẹ̀ ni ọmọdébìnrin kan, Estella, ti fi ọwọ́ rẹ̀ tó le àti bàtà rẹ̀ tó nípọn ṣẹ̀sín. Láti ọjọ́ yẹn ni ilé alágbẹ̀dẹ ti ń ti Pip lójú. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, agbẹjọ́rò kan dé, ó ní ẹnì kan tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun fẹ́ náwó lé Pip lórí kó lè di ọmọlúwàbí ìlú ńlá. Pip gbà pé Miss Havisham ni. Ó di Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ wá wo ọjọ́ tí Joe wá kí i níbẹ̀. Joe wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi tí kò bá a lára mu. Kò mọ ibi tí yóò gbé àkẹtẹ̀ rẹ̀ sí, ló bá gbé e lé etí pẹpẹ tó wà lókè ibi tí wọ́n ń dáná yá. Àkẹtẹ̀ náà já bọ́. Joe sáré gbá a mú, ó gbé e padà, ó tún já bọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe bá a jẹun, tí Joe ń fi ojú kan ṣọ́ àkẹtẹ̀, tó sì ń pe ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ní "sà". Pip fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ fún òǹkàwé pé ká ní owó lè dá Joe dúró sílé ni, òun ì bá san án. Dickens lè pa wá lẹ́rìn-ín kó sì gún wa lọ́kàn nínú gbólóhùn kan náà, ìdí nìyẹn tí n kì í fi í gbà fún àwọn tó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Nígbà tí Pip pé ọmọ ọdún 23, lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò àti ìjì ń jà, ọkùnrin kan gun àtẹ̀gùn wá sí yàrá rẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n ọjọ́sí ni, Magwitch. Wọ́n ti kó o lọ sí Ọsirélíà, ó sin àgùntàn níbẹ̀, ó là, owó rẹ̀ sì ni Pip ti ń ná láti ìgbà yìí wá. Kì í ṣe owó Miss Havisham rárá. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ọmọ tó sọ di ẹni ńlá. Pip fà sẹ́yìn, ó kórìíra kí ọwọ́ náà kan òun.

Ẹ fi ọwọ́ yẹn sọ́kàn. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà ni pé bí wọ́n bá rí Magwitch tó padà wá, wọn yóò yẹgi fún un. Pip àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi wà á lọ sísàlẹ̀ odò Thames kí wọ́n lè gbé e wọ ọkọ̀ tó ń lọ sókè òkun. Àṣírí tú, Magwitch fara pa yánnayànna, wọ́n mú un. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé e padà, Pip lọ jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá èèyàn 32 lẹ́jọ́ ikú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìta gbangba níwájú adájọ́ ni Pip ti di ọwọ́ náà mú. Ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo owó ọkùnrin yìí nígbà náà, kò ku kọ́bọ̀ tí Pip ń retí. Ó tún fi ìyẹn pa mọ́ fún un, ó jẹ́ kó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun ti sọ ọmọ kan di olówó. Ẹni tó ti kórìíra ọwọ́ yẹn ló wá di í mú, lójú èrò, nígbà tí èrè kankan ò sí níbẹ̀. Kí ni ẹ̀rí tún kù?

Àmọ́ Dickens ò tíì ṣe tán. Àìsàn dá Pip dùbúlẹ̀, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Joe ló wá láti oko, tó tọ́jú rẹ̀, tó san gbèsè náà láìsọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ara Pip ṣe ń le sí i ni Joe tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "sà". Níbi tí mo ka èyí dé lẹ́ẹ̀kejì, mo pa ìwé dé fún ìgbà díẹ̀. Pip ti yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń takété, ó sì ti mọ́ ọn lára. Nígbà tí Pip padà sílé láti lọ fẹ́ Biddy, ọmọbìnrin tó fojú di tẹ́lẹ̀, ó bá Biddy ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an. Joe ni ọkọ ìyàwó.

Ìparí tí Dickens kọ́kọ́ kọ ni pé Pip àti Estella pàdé ní títì ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n kí ara wọn, kálukú bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ òǹkọ̀wé, Edward Bulwer-Lytton, ló rọ̀ ọ́ pé kó tún un ṣe, bí ìwé ṣe wá jáde pẹ̀lú ìparí tó fún wa ní ìrètí pé àwọn méjèèjì kò ní ya ara wọn mọ́ nìyẹn. Èmi fara mọ́ ti àkọ́kọ́. Ó jọ pé àwa òǹkàwé ni kì í fẹ́ kí ìyípadà ọkàn wá láìsí ẹ̀bùn lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1681, akéwì kan tó ń jẹ́ Nahum Tate tún King Lear kọ, ó jẹ́ kí Cordelia yè, ó sì fún un lọ́kọ. Nǹkan bí 150 ọdún ni wọ́n fi ṣe eré ti Tate yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò ti Shakespeare. Ẹ wo bí ọkàn àwọn èèyàn ṣe ń sá fún òkú ọmọ yẹn tó.

Àwọn kan yóò ní, Scrooge ń kọ́? Òun náà jẹ́ ẹ̀dá ìtàn Dickens, nínú A Christmas Carol tó jáde ní 1843, ahun tí òru ọjọ́ kan ṣoṣo sọ di ọ̀làwọ́. N kò ka ìyẹn kún púpọ̀. Ìtàn ọdún ni, ẹ jẹ́ kó dùn. Àmọ́ níbẹ̀ pàápàá, ẹni tó wá tọrọ owó fún àwọn aláìní ní ìrọ̀lẹ́, tí Scrooge lé jáde, ni ó tún pàdé láàárọ̀ Kérésìmesì lójú títì, tó sì ṣe ìlérí owó ńlá sí létí. Ìdánwò kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Leo Tolstoy, ará Rọ́ṣíà, ní ọ̀nà míì. Ìwé rẹ̀ lórí ikú Ivan Ilyich jáde ní 1886. Kò gùn, ẹ lè kà á láàárín ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́. Adájọ́ kan ni Ivan Ilyich, ọmọ ọdún 45 ni nígbà tó kú. Ohun tó pa á kéré lójú: ó gun àkàbà láti fi han òṣìṣẹ́ bó ṣe fẹ́ kí wọ́n fi aṣọ ojú fèrèsé kọ́ nínú ilé tuntun rẹ̀, ẹsẹ̀ yẹ̀ ọ́, ó fẹ̀gbẹ́ gbá fèrèsé. Ẹ̀gbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó lọ rí dókítà, ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: ṣé ọ̀rọ̀ ara òun le àbí kò le? Dókítà ò dá a lóhùn ìyẹn. Ojú tó fi ń wò ó, ohùn tó fi ń bá a sọ̀rọ̀, Ivan Ilyich mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń lò ó fún àwọn ẹlẹ́jọ́ ní kóòtù.

Mo fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀. Kì í ṣe pé ìdánwò kan náà padà wá bá ọkùnrin yìí nìkan. Ó padà wá bá a láti òdìkejì tábìlì. Àwọn ará ilé rẹ̀ ń bá a purọ́ pé yóò sàn. Gerasim, ọmọ ọ̀dọ̀ tó wá láti oko, nìkan ni kì í purọ́ fún un. Òun ló ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ lé èjìká kí ìrora lè dẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Ivan Ilyich fi ké láìdákẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ṣì ń lọ ilé ìwé, ọmọ náà gbá ọwọ́ náà mú, ó fi ẹnu kò ó, ó sì bú sẹ́kún. Ni àánú ọmọ náà àti ti ìyàwó rẹ̀ bá ṣe é. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bèèrè pé báwo ló ṣe kàn mí, ó wá ń wo ìyà tí òun fi ń jẹ àwọn mìíràn.

Ta wá ló mọ̀ pé ó yí padà? Kò sí. Tolstoy ti fi ìsìnkú bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, kó tó padà sẹ́yìn lọ sọ ìgbésí ayé olóògbé. A ti rí opó rẹ̀ níbẹ̀ tó ń ròyìn igbe ọjọ́ mẹ́ta, tó sì ń wádìí ọ̀nà tí òun lè gbà rí owó sí i gbà lọ́wọ́ ìjọba. Gbogbo ohun tí wọ́n rí nínú ikú rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wálé. Ní ọdún 1929, àwọn lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, láti ọwọ́ obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá. Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé kan gbà pé ẹni gidi ni. Àwọn lẹ́tà yẹn di ìwé ní 1930, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Sẹ̀gilọlá ti dàgbà, àìsàn ti dè é mọ́lẹ̀, ó ń kábàámọ̀ ọkùnrin rẹpẹtẹ tó fi ìgbà èwe rẹ̀ bá lò. Ó ń sunkún, ó ń fa Bíbélì àti orin ìjọ yọ, ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohùn rẹ̀ nígbà tó bá dé orí aṣọ àti fàájì ayé ìgbà náà. Ohùn yẹn ń dùn. Ẹnu tó ń kábàámọ̀ ń tọ́ oyin lá.

Ṣé obìnrin yìí yí padà? Ìdajì, lójú tèmi. Thomas ò gbé ọkùnrin kankan wá fún un lẹ́ẹ̀kejì ká lè mọ̀. Ara rẹ̀ ò sì gbé ìdánwò mọ́. Ìgbà tí àǹfààní ẹ̀ṣẹ̀ ti lọ tán ni ìrònúpìwàdà tirẹ̀ dé. Èyí ló jẹ́ kí ìwé náà ṣì wà láàyè títí dòní, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwàásù lásán ni ì bá jẹ́.

Àwọn mìíràn wà tí kì í yí padà rárá, ẹ má sì ṣe rò pé òǹkọ̀wé gbàgbé ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ eré onítàn rẹ̀, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, jáde ní 1970. Ìyálóde Ìbàdàn yìí ní ẹrú kankan kò gbọdọ̀ lóyún, ẹrú kankan kò sì gbọdọ̀ fún ẹlòmíràn lóyún. Adétutù, ẹrú rẹ̀ kan, lóyún, Ẹfúnṣetán sì pa á. Bí ẹ bá ń wá ibi tí Ẹfúnṣetán ti yí padà nínú eré náà, ẹ ò ní rí i, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀: ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú síbi tó ti ń rọbí. Obìnrin tó jókòó síwájú wa jẹ́ ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn. Ìdánwò dé fún un pẹ̀lú oyún Adétutù, oyún tó lè rán an létí ọmọ tirẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ìdájọ́ ikú ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀.

Nínú ìtàn Ìbàdàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀, àwọn ẹrú rẹ̀ ló pa Ẹfúnṣetán lóru ní 1874, lẹ́yìn tí Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, ti yọ ọ́ lóyè. Ìṣọ̀lá yí ìyẹn padà: nínú eré, májèlé ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń pàṣẹ ikú fún gbogbo ilé kò jẹ́ kí ẹlòmíràn pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lórí òun.

Okonkwo náà rèé, nínú Things Fall Apart tí Chinua Achebe tẹ̀ jáde ní 1958, èyí tí Wálé Ògúnyẹmí tú sí Yorùbá. Ohun kan ló ń bà á lẹ́rù láti kékeré: kí wọ́n má baà ní ó jọ bàbá rẹ̀, Unoka, ọ̀lẹ onígbèsè. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pa Ikemefuna, ọmọ tó ti gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tó sì ń pè é ní bàbá, àgbà kan ti kìlọ̀ fún un pé kó má lọ́wọ́ sí i. Ó lọ, ó sì yọ àdá sí ọmọ náà kí wọ́n má baà pè é ní ojo. Ọdún méje tó lò ní ìgbèkùn ò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Nígbà tí ìránṣẹ́ kóòtù dé sí ìpàdé ìlú, àdá ló tún yọ.

Ẹ wá wo bí Achebe ṣe dìídì fìyà jẹ ẹ́. Wọn ò sin Unoka. Àrùn wíwú ló mú un, wọ́n gbé e jù sínú Igbó Búburú. Okonkwo pokùnso, èèwọ̀ ni nílùú rẹ̀, nítorí náà àwọn èèyàn rẹ̀ ò lè fọwọ́ kan òkú rẹ̀, àjèjì ni yóò sin ín. Ọkùnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sá fún bàbá rẹ̀ bá bàbá náà pàdé níbi ìsìnkú. Nwoye ọmọ rẹ̀ ni ó yí padà nínú ìwé náà. Ó dákẹ́ ṣe tirẹ̀, ó lọ bá àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sọ ọ́ ní Isaac.

Àkókò ti fẹ́ pé. Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ rán yín kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé. Ẹ mú ìwé Yorùbá kan tí ẹ ti kà tán, ìbáà ṣe ti Fágúnwà, ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ti Adébáyọ̀ Fálétí tàbí ti ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé òde òní. Ẹ wá ẹ̀dá ìtàn kan tí wọ́n ní ó yí padà, kí ẹ sì wá ibi méjì tí nǹkan kan náà ti dé bá a. Bí ẹ ò bá rí ibi kejì, ẹ kọ ìyẹn náà ránṣẹ́ sí wa. Lẹ́tà àti àtẹ̀jíṣẹ́ yín la ó fi bẹ̀rẹ̀ ètò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.